Etí Kavin

Malar fi ìka méjì mú ẹ̀rọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ orí àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn etí, ó sì yọ ọ́. Kò dun ọmọ náà rárá. Òòfà ló gbé e mọ́ orí níbẹ̀; béèyàn bá fà á díẹ̀, á já. Kavin gbójú sókè wò ó, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹrí ba padà sídìí ọkọ̀ akẹ́rù onírọ́bà rẹ̀. Láti ìgbà tí Malar ti ti ilé ìwé dé ló ti ń fi ṣíbí lu àwo irin, gbàù, gbàù, gbàù, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ó ju ṣíbí náà sílẹ̀. Kí ló tún fẹ́ máa lù ú fún? Kò gbọ́ ọ mọ́.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré," Malar sọ fún un, bí ẹni pé etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. "Kí n kàn rójú ṣe ìṣirò yìí tán."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọjọ́ yẹn di wákàtí kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Wọn kò bí ìgbọ́ràn mọ́ Kavin. Ìyá àgbà, ìyá bàbá wọn, ló kọ́kọ́ fura. Lọ́dún Deepavali, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ wọn, nígbà tí ọmọ náà ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún kan, wọ́n ń yin báńgà káàkiri Thoothukudi, ìlú wọn, débi pé àwọn ajá ń sá wọ abẹ́ ibùsùn, àmọ́ Kavin sùn fọnfọn lórí ẹsẹ̀ Ìyá àgbà, kò tilẹ̀ mira. Àyẹ̀wò, lẹ́tà, ẹ lọ ẹ bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo rẹ̀ gbà tó ọdún méjì. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n ti okùn tín-ín-rín kan bọ inú etí rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ mọ́ orí níta. Èyí tó wà níta ló ń kó ohùn ayé fún èyí tó wà nínú. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, etí Kavin á dí pa bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Tíṣà Jesinta ló ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ sísọ ní yàrá méjì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì etí òkun. Obìnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Iṣẹ́ abẹ ò kọ́ ọmọ lédè o," ó sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ilẹ̀kùn ló ṣí. Ọ̀rọ̀ tó máa gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Kí ẹ̀rọ yìí wà lórí ẹ̀ láti ìgbà tó bá ti jí títí tó fi máa sùn, àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bó edé, ẹ sọ fún un pé edé lẹ̀ ń bó. Tí ò bá dáhùn, ẹ tún un sọ."

Edé bíbó náà sì niṣẹ́ Amudha, ìyá wọn. Iléeṣẹ́ tó ń kó edé ránṣẹ́ sókè òkun ló gbà á, aago méje ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń dé. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí apá àríwá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń fojú kàn án. Ìyá àgbà ló ń ṣọ́ Kavin láàárọ̀. Bó bá ti di aago mẹ́rin tí Malar dé, ìyá náà á sún lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, níbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń fi òwú so òdòdó jásímínì tí àwọn obìnrin ń fi sórí irun. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ ìka rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà débi pé kò nílò ojú.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Malar. Ìdánwò kíláàsì kẹwàá ti ń bọ̀ lóṣù kẹta, ìdánwò tí gbogbo àdúgbò máa ń béèrè èsì rẹ̀ bí ẹni béèrè àlàáfíà. Ipò kìíní ló fojú sùn. Sudha ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá kí wọ́n jọ kàwé, Sudha yìí ló sì kọ́kọ́ dá àbá náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, o wá dà bíi rédíò," Sudha sọ, ó wá ń sín in jẹ. "'Kavin, wo garawa. Garawa pupa ni. Omi wà nínú garawa.' Ṣé ọ̀nà ọ̀fun ò dùn ẹ́ ni?"

"Tíṣà ló ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ tó lo odindi ọdún mẹ́ta tí ò gbọ́ nǹkan kan, kí ni wákàtí mẹ́ta fẹ́ ṣe é? Yọ nǹkan yẹn jàre. Á dákẹ́, àwa náà á ráyè."

Òótọ́ ni, Kavin dákẹ́, wọ́n sì ráyè. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń fi àyè náà kà. Bí wọ́n bá ti ṣe ìṣirò mẹ́ta, Sudha á yọ fóònù, wọ́n á wo fíìmù dé ìdajì. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méje lù, Malar á fi ẹ̀rọ padà sórí Kavin, á fi ọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe. Màmá rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú òórùn edé lára aṣọ, á gbé ọmọ náà sókè, á sì béèrè pé, "Ṣé ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa lónìí?"

"Ẹnu ti ń ro mí, Màámi," Malar á dáhùn.

Nígbà tí ilé ìwé fún wọn láyè láti máa kàwé nílé kí ìdánwò tó dé, nǹkan tún wá burú sí i. Àsìkò ìgbéyàwó ni, àwọn oníṣòwò òdòdó ń fẹ́ ẹrù púpọ̀. Ìyá àgbà ní, "Ṣebí Malar wà nílé," ó sì ń jáde láti àárọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ré kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ á kúrò lórí Kavin.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, Malar tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ àti Kavin lọ sọ́dọ̀ Tíṣà Jesinta. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rosi wà níbẹ̀. Oṣù kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun àti Kavin, àmọ́ ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ ni Rosi nígbà náà. Rosi fa etí aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ omi. Omi tútù."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Kavin ní lẹ́nu: "Màmá", "bọ́ọ̀lù", "ó tán". Ọdún tó kọjá, mẹ́rin ni. Ó máa ń sọ pé "ẹja" nígbà náà.

Tíṣà Jesinta so ẹ̀rọ Kavin mọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ń ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó wojú kọ̀ǹpútà náà títí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò.

"Màmá Kavin," ó sọ ní pẹ̀lẹ́, "wákàtí mélòó ló ń lo ẹ̀rọ yìí lójúmọ́?"

"Láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni, Tíṣà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi sí i lórí kí n tó jáde."

"Ẹ̀rọ yìí máa ń ka wákàtí fúnra ẹ̀. Lóṣù kọkànlá, wákàtí méjìlá lójúmọ́ ni. Ó lọ sí mẹ́sàn-án. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin péré ni. Mi ò bá yín jà o. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ irọ́ọ́ pa."

Malar kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé nǹkan kékeré yẹn ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀," Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kékeré ni ọpọlọ ti ń kó èdè jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó bá ti ń dàgbà, ó ń le sí i ni. Rosi ti ṣáájú ẹ̀. Ìyẹn ò pa mí lára, ọmọ ò kí ń dọ́gba. Àmọ́ wákàtí tí ẹ̀ ń sọ nù yìí, Kavin ò ní wọn láti sọ nù."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ìgbà tí wọ́n wọlé, tí Amudha bá Ìyá àgbà tó ń ṣa ìrẹsì lórí ẹní, ni ó tó tú ìbínú rẹ̀ jáde.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ̀ ń yọ ẹ̀rọ ọmọ yìí!"

Ìyá àgbà gbójú sókè. "Èmi?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ká má gún orí ọmọ? Pé ìran yín ò gbé irin sórí rí?"

"Mo sọ ọ́," Ìyá àgbà dáhùn. Ó rọra gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gún un tán, ṣé o tún gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Amudha, ṣé èmi ni n ó wá fi ọwọ́ ara mi dí etí ọmọ ọmọ mi?"

"Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ọ́ pa, Màámi."

"Èmi ni mo wá mọ̀ ọ́n pa."

Malar dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fẹ́ sọ pé òun ni. Ó ronú nípa ìdánwò tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ronú nípa ojú ìyá rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, inú á ti rọ gbogbo wọn. Ó pa ẹnu mọ́.

Inú kò rọ ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà di aṣọ mẹ́rin sínú àpò, ó fẹnu ko Kavin lórí, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní abúlé kan nísàlẹ̀ ìlú Tiruchendur. Kò pariwo, kò ṣépè. Ìyẹn gan-an ló dun Malar jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdé, Kavin wá Ìyá àgbà lọ sí ìdí ẹní rẹ̀. Ó gbé etí ẹní sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó padà wá dúró níwájú Malar, ó la ẹnu. Ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, iná kékeré rẹ̀ ń ṣẹ́jú, àmọ́ kò sóhun tó jáde. Ó tún ẹnu là. Ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́ béèrè, Malar rí i lójú rẹ̀ kedere, kò kàn ní ọ̀rọ̀ tó máa fi béèrè ni. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, ó nawọ́ sójú títì. Lẹ́yìn náà ó fi orí gbá ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún.

Malar jókòó sílẹ̀, ó gbé e mọ́ra. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ọmọ yìí ń wá, "Ìyá àgbà dà?", ó yẹ kó ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Òun ló jí i. Díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, òun ló ń kó o lápò ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí Amudha dé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tí Malar fi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màámi, èmi ni. Kì í ṣe Ìyá àgbà. Èmi ni mò ń yọ ọ́."

Amudha dúró bí òpó. "Kí lo wí?"

Malar sọ gbogbo rẹ̀: ìṣirò, Sudha, fíìmù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú aago méje. Kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ó ń dúró de ìgbájú. Ìgbájú ì bá sàn.

"O wà níbẹ̀," ìyá rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "O wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń bú ìyá ọkọ mi, o sì ń wò mí."

"Ẹ̀rù bà mí, Màámi."

"Ẹ̀rù tìẹ ló lé arúgbó jáde nílé." Ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ọwọ́ náà ti bó nítorí omi edé.  "Èmi náà ò béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ lásán ni mo dá. Mo sì gbé ẹrù ìyá ka ọmọ lórí, mi ò wẹ̀yìn wò bóyá ọrùn ń wọ̀ ọ́. Dìde nílẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a jọ ń lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Lábẹ́ igi àgbọn olódù kan níwájú ilé ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n ti bá Ìyá àgbà. Amudha kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, Malar tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu.

"Mo ti dárí jì yín," ó ní. "Àmọ́ mi ò bá yín lọ lónìí. Ẹnu yín ti bẹ̀ mí, ọkàn mi ò tíì gbọ́. Ẹ jẹ́ n sinmi."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́..." Malar bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Nu ojú ẹ. Ṣé ẹkún lo wá fi kọ́ àbúrò ẹ lọ́rọ̀? Lọ lo ẹnu yẹn fún iṣẹ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó fara jọ ìyẹn náà ni Tíṣà Jesinta sọ nígbà tí Malar lọ jẹ́wọ́ fún un. Kò bá a wí. Ó ní, "Ẹ̀bi ò kọ́ ọmọ lédè, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ló ń kọ́ ọ. Wá jókòó síbí." Ó fi ìdajì wákàtí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kó sún mọ́ Kavin, kó pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kí ariwo má bàa gbé ọ̀rọ̀ mì, kó sọ ohun tí Kavin ń wò kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ kó wò, lẹ́yìn náà kó dákẹ́. "Ibi tí gbogbo yín ti ń kùnà nìyẹn. Ẹ ò kí ń dákẹ́ dúró dè é. Ka ení dé ẹ̀wá lọ́kàn ẹ. Jẹ́ kó wá a."

Báyìí ni Malar bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ń fọ abọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sá aṣọ, ó ń sọ̀rọ̀: "Ta ló ni ṣòkòtò yìí? Ta ló ni ín?" Á sì ka ení dé ẹ̀wá. Nígbà tí kò ráyè jókòó ti ìwé, ó gbé ẹ̀kọ́ ìtàn wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó ń ka orúkọ àwọn ọba àtijọ́ sí Kavin létí bí ẹni ń ka àlọ́. Sudha wá lẹ́ẹ̀kan, ó wò wọ́n, ó ní, "Orí ẹ ti dàrú pátápátá."

"Ó ṣeé ṣe," Malar dáhùn. "Àmọ́ fóònù yẹn, má yọ ọ́ níbí mọ́. Bá wa ka ọba tó kàn."

Sudha rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì bá wọn kà á.

Ìyá àgbà padà dé lọ́jọ́ kejìlá tó ti lọ, láìránṣẹ́. Ó gbé ṣúgà igi àgbọn olódù lọ́wọ́, ó sì ń kùn látẹnu ọ̀nà pé àtùpà ilé yìí ti dọ̀tí, ta ló ń gbálẹ̀, ta ló ń se ọbẹ̀ tó ń rùn báyìí.  Amudha kàn gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sí ibi tó máa ń wà.

Èsì ìdánwò jáde lóṣù karùn-ún. Malar gba irínwó ó lé mọ́kànlá nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Sudha gba irínwó ó lé ogójì. Ó dun Malar wọ egungun. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dun òun. Àkókò tó fi wo fíìmù ti lọ, èyí tó yẹ kó fi kàwé lẹ́yìn náà ló fi san gbèsè ọ̀rọ̀ tó jẹ àbúrò rẹ̀. Ó sì wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì tó fẹ́, àmọ́ ẹlòmíràn ló wà ní ipò kìíní.

Kavin náà kò di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. "Ẹja" padà wá. "Àǹtí" tẹ̀ lé e. "Omi tán" jáde lọ́jọ́ kan nílé ìwẹ̀, Amudha sì sáré síta lọ sọ fún gbogbo ará ilé kejì. Rosi ṣì wà níwájú rẹ̀ fíìfíì. Tíṣà Jesinta ní ó lè wà níwájú fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n má wo Rosi, kí wọ́n máa wo Kavin àná àti Kavin òní.

Ní ọjọ́ kan lóṣù keje, Malar àti Kavin wà lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wọn, wọ́n ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́. Malar ń ro ẹ̀kọ́ kan tí kò yé e ní kíláàsì tuntun, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kavin fa aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí! Gbọ́!"

Malar dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. "Gbọ́ kí ni?"

Ó fẹ́ máa dárúkọ nǹkan fún un: ẹyẹ, mọ́tò, afẹ́fẹ́. Ó rántí, ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, ka èjì. Kavin nawọ́ sí apá ibi tí òkun wà. Iwájú orí rẹ̀ hun jọ nítorí èrò. Malar ka ẹ̀fà, ó ka èje.

"Ọkọ̀," Kavin wí. "Ọkọ̀ ń ké."

Ìgbà náà ni Malar tó gbọ́ ọ. Láti èbúté lọ́hùn-ún, fèrè ọkọ̀ òkun kan ń dún, ó rinlẹ̀, ó sì jìnnà réré. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Malar ni fèrè yẹn ti ń dún lójoojúmọ́, etí rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ tó sùn nínú ariwo báńgà ló ń fi hàn án.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn. "Ọkọ̀ ń ké. Ọkọ̀ ńlá ni." Ó jókòó tì í láàárín aṣọ gbígbẹ, wọ́n sì jọ ń gbọ́ ọ títí fèrè náà fi dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé, ẹ mọ èyí: ọ̀rọ̀ tí a ń bá ọmọdé sọ ni oúnjẹ tí èdè fi ń dàgbà nínú rẹ̀, wákàtí tí a bá sì fi dù ú kì í padà bọ̀. Bí ẹ bá ti ṣàṣìṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi yín rìn, ì báà jẹ́ kilómítà kan péré. Ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ tó kù ṣe iṣẹ́ náà. Malar pàdánù ipò kìíní, kò sì rí oṣù mẹ́ta Kavin gbà padà. Àmọ́ nítorí pé ó sọ òtítọ́ kó tó pẹ́ jù, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ní kó gbọ́.